Mo Fẹ́ Ta Mọ́tò Bàbá Mi, Wọ́n Wá Bá Mi Ṣọ̀fọ̀

Ọjọ́ tí àwọn ará ìlú wa wá bá mi ṣọ̀fọ̀ bàbá mi, tí bàbá mi fúnra wọn sì ṣí géètì wọlé bá wa lẹ́nu rẹ̀, ọjọ́ náà ò ní tán lọ́kàn mi títí ilẹ̀ á fi gbà mí. Ìpolówó ọjà ló fà á. Mọ́tò lásán ni mo fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gba ẹ̀bùn àròkọ Yorùbá nílé ìwé girama, tí mo sì ti ń fi yangàn láti ìgbà náà, èmi ni mo mú bírò, tí mo jókòó, tí mo fi gègé ara mi pa bàbá tó bí mi lọ́mọ.

Awọnlẹ̀ ni bàbá mi. Wọ́n wà lára àwọn tí ìjọba kó wá wọn ilẹ̀ Abuja nígbà tí Garki ṣì jẹ́ eruku àti koríko. Ojú ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n lè dúró lórí òkè kan kí wọ́n sọ fún ọ pé òpó kan tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ti tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, tí o bá sì rìn débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Owó àkọ́kọ́ tó jọ owó tí wọ́n rí nídìí iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ra Píjò aláwọ̀ ewé kan. Wọ́n wà á títí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fi di irin àlòkù tí wọ́n ń fi ọmọlanke kó kiri. Nígbà tí màmá mi kú, tí Bàbá wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Gwarinpa, Píjò náà tẹ̀lé wọn wá, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń sá aṣọ.

Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Kò pọ́n, kò dùn wọ́n, ó kàn ń ṣú bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń rọra pa ilẹ̀kùn dé. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n wa mọ́tò wọ kọ̀tọ̀ lójúmọmọ, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà lójoojúmọ́, la tó mọ̀. Dókítà ní kí wọ́n má wa mọ́tò mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun fún iṣẹ́ abẹ, bóyá wọ́n á lè gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù là.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò náà, wọn ò tètè gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Tà á kí n tó dé. Ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ ni kó o tà á fún. Mi ò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá." Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ta ohun tó ju gèlè lọ rí láyé rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Mo lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo wo ohun tí àwọn tó ń ta mọ́tò ń kọ, mo sì kọ tèmi bẹ́ẹ̀: ó mọ́ tónítóní, ẹ́sì rẹ̀ ń tutù nini, kò níṣòro kankan, rà á kó o máa wà á lọ. Ẹ́sì mọ́tò yẹn ti kú kí n tó wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń kọ ọ́, èmi rò pé bí ẹni ń kí èèyàn kú àárọ̀ ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí ní ilẹ̀kùn iwájú nìkan lòun fẹ́ rà. Ẹnì kejì ní ká fi jẹnẹrétọ̀ òun ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e tiẹ̀ wá sílé, ó jókòó sínú mọ́tò, ó tan ẹ́sì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ eruku àti ìyẹ́ ẹyẹ sí i lójú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo gbájúẹ̀, ó sì lọ láì dágbére.

Ní ọ́fíìsì wa ní Garki, ọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Kọ́láwọlé. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe lórí tábìlì, ọjà ló ń tà lábẹ́ rẹ̀: bàtà, oyin, aṣọ ọmọdé, kódà ilẹ̀. Mo fi ìpolówó mi hàn án. Ó kà á, ó pòṣé.

Ó ní, "Àǹtí, ohun tẹ́ ẹ kọ yìí ò lẹ́mìí. Mọ́tò àtijọ́, ìtàn ẹ̀ lèèyàn ń tà. Ẹ sọ irú ẹni tó ń wà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá kà á rí Bàbá sójú. Ẹ fi fọ́tò wọn sí i. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ará ìlú yín, tiwa-n-tiwa ni wọ́n á fi ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó ti gba ẹ̀bùn àròkọ rí, tí wọ́n wá ní kó kọ nǹkan tó lẹ́mìí! Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò jẹun, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Bàbá kan wà tó jẹ́ olóòótọ́, onírẹ̀lẹ̀, ẹni tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn. Ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sin ìlú. Ní báyìí, ó ti rìnrìn àjò, kò sì ní wa mọ́tò mọ́ láé. Píjò rẹ̀ aláwọ̀ ewé ló fi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ rírì ohun rere, kó kàn sí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Gwarinpa."

Mo kà á sókè, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, Ìbàdàn kúkú ni Bàbá rìnrìn àjò lọ. Fọ́tò tí mo fi sí i ni èyí tí wọ́n yà ní ọjọ́ ìbí wọn, tí wọ́n wọ agbádá funfun, tí wọ́n fẹ̀yìn ti mọ́tò, tí wọ́n sì ń wo ọ̀nà jíjìn. Tàdáwà aláwọ̀ ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì wa, nítorí náà dúdú àti funfun ló jáde. Kọ́láwọlé ní ó fẹ́ ìlà yíká kó lè gún régé. Ó fa ìlà dúdú tó nípọn yí i ká. Mo ní, "Ó mà dára o!" Mo fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, mo lẹ ọ̀kan mọ́ pátákó ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì lẹ èyí tó tóbi jù mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò náà, nọ́ńbà mi lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo fúnra mi wa Píjò lọ síbi iṣẹ́ kí ojú lè rí i. Ìpolówó náà ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Níbi tí mọ́tò ti máa ń fagbára wọlé síra wọn lẹ́nu, gbogbo wọn dúró, wọ́n ní kí n kọjá. Ọkùnrin arúgbó kan ṣí fìlà lójú títì. Mo juwọ́ sí i. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá mọ́tò dúró, ọlọ́pàá kan wo gíláàsì ẹ̀yìn, ó dorí kodò, ó ní, "Sannu, Hajiya. Allah ya jikansa."

Hausa tèmi kò kọjá ti ẹni tó ń ra tòmátì. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo ní, "Yauwa, nagode!" Mo wá nawọ́ sí mọ́tò, mo bi í bóyá ó fẹ́ ẹ: "Kana so?" Ọlọ́pàá náà fẹ̀yìn rìn kúrò lójú ọ̀nà, kò tiẹ̀ béèrè ìwé mọ́tò. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún òkú ló ṣe yẹn.

Ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Oníṣòwò kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ ní ọjà Garki, ló kọ́kọ́ pè. Ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú o, Hajia. Mo fẹ́ràn mọ́tò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun náà ló gbé Bàbá nínú ìrìn àjò yẹn?"

Mo ní, "Rárá o. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀."

"Bọ́ọ̀sì! Àwọn mélòó ló wá bá wọn lọ?"

"Ṣé ẹ mọ àwọn oníbọ́ọ̀sì wa, ó kún fọ́fọ́. Kò sí àyè kankan tó ṣẹ́ kù."

Ọkùnrin náà ní, "Inná lilláhi!" Ó gbàdúrà gígùn kan fún gbogbo wọn. Mo ṣe àmín. Mo rò pé àánú àwọn tí wọ́n há mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì ló ń ṣe é. Kò pè mọ́.

Ẹni tó pè tẹ̀ lé e ni màmá tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, Màmá Akọ̀wé là ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já ọ̀rọ̀ jẹ bí eku ṣe ń jẹ iṣu.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kú ìrọ́jú o. Orí fóònù ni mo ti rí i."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà. Kò rọrùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí ẹni gbé e kúrò nílẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀."

"Olúwa á tù ọ́ nínú. Ibo lo gbé … sí báyìí?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni, Mà. Mo fi tapólì bò ó nítorí òjò."

Wọ́n ní, "Ẹ̀yìnkùlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Àràárọ̀ ni mò ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ ṣì ń dán. Tó bá wù yín, ẹ wá fọwọ́ kàn án, kó lè dá yín lójú."

Mo gbọ́ tí nǹkan já bọ́ lọ́hùn-ún, fóònù sì pa. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí ni mo tó gbọ́ pé Màmá Akọ̀wé sáré pe gbogbo ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ti da orí ọmọ náà rú. Wọ́n ní ó tẹ́ òkú bàbá ẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ó ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Èyí tó wá dun àwọn jù ni pé "ó" ni mò ń pe bàbá mi, mi ò tiẹ̀ pè wọ́n ní "wọ́n" mọ́.

Bí wọ́n ṣe ya wọlé mi nìyẹn ní Sátidé, láì sọ pé àwọn ń bọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà pẹ̀lú kànrìnkàn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, mò ń fọ Píjò, mò ń kọrin. Mo gbójú sókè, mo rí wọn tí wọ́n yọ létí ilé: Màmá Akọ̀wé níwájú nínú aṣọ dúdú, àwọn àgbà díẹ̀ lẹ́yìn wọn, àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí apá wọn ki dáadáa. Mo rò pé oníbàárà ni wọ́n kó wá fún mi, pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn máa bá wa ti mọ́tò tí kò bá tètè jí. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ máa bọ̀, ẹ wá wò ó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni!"

Màmá Akọ̀wé fara mọ́ ògiri, wọ́n kọ̀ láti sún síwájú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí ẹnikẹ́ni tó ní kó gbà á.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọjá lára wọn wá sọ́dọ̀ mi. Bàbá Olúyẹmí ni. Ẹnu yà mí. Àwọn àti bàbá mi jọ wọn ilẹ̀ Abuja, wọ́n jọ jẹ gààrí nínú àgọ́, bàbá mi ló sì kọ́ wọn ní mọ́tò wíwà nínú Píjò yìí. Ibẹ̀ ni ìjà wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Olúyẹmí fi mọ́tò náà gbá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, Bàbá sì sọ lójú gbogbo ìjọ pé ẹni tí kò lè wọn ìwọ̀n tó wà láàárín mọ́tò àti ògiri, ilẹ̀ tó wọn fún ìjọba á ti wọ́. Láti ìgbà náà, tí ọ̀kan bá jókòó sápá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì á lọ sápá òsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi kí ara wọn.

Bàbá Olúyẹmí wo mọ́tò náà yíká, wọn ò wò mí rárá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó sí, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí. O lọ, o ò tiẹ̀ sọ fún mi. Ògiri yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi. Bírékì ni mo fẹ́ tẹ̀, ẹsẹ̀ mi lọ síbòmíràn. Òótọ́ lo sọ, ó kàn jẹ́ pé o sọ ọ́ sókè jù. Ilé mi ò jìnnà sí ilé ọmọ ẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé tó bá di ọ̀la, màá yà. Ojoojúmọ́."

Àgbà ọkùnrin ń sunkún bí ọmọdé, omi ọṣẹ sì ń kán láti inú kànrìnkàn sí mi lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti yí ojú padà, tí mo wá rí gíláàsì ẹ̀yìn bí ẹni tó wà níta ṣe ń rí i: Bàbá nínú aṣọ funfun, ìlà dúdú yíká, "olóòótọ́, onírẹ̀lẹ̀", "ó ti rìnrìn àjò", "kò sì ní wa mọ́tò mọ́ láé". Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ọjọ́ kan gbáko kọ wò mí lójú. Tí ilẹ̀ bá là nígbà yẹn, ǹ bá bẹ́ sínú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Mo la ẹnu kí n sọ pé, "Bàbá ò kú o."

Ẹnu ìyẹn la wà tí géètì fi dún.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń retí Bàbá. Àwọn ni wọ́n dúró lẹ́nu géètì yẹn níbi tí mọ́tò èrò já wọn sílẹ̀ sí, nínú bùbá funfun, báńdéèjì funfun bo ojú òsì, wọ́n ń fọwọ́ wá ọ̀nà wọlé lára ògiri. Màmá Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rí wọn. Wọ́n pariwo, "Yé! Àkúdàáyà!" Bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò wẹ̀yìn, wọ́n sáré wọ kíṣìnnì mi, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn látinú. Ẹni tó ń gbàdúrà ṣe àmín láì tíì parí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin alápá kíki wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn táńkì omi ni mo ti rí wọn kẹ́yìn.

Bàbá ní, "Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí? Ariwo kí lẹ̀ ń pa?"

Ẹkún Bàbá Olúyẹmí nìkan ló ń dún nínú mọ́tò, àwọn fúnra wọn ò gbọ́ ariwo kankan. Bàbá gbọ́ ẹkún náà. Wọ́n fọwọ́ tọ ògiri títí wọ́n fi dé ibi mọ́tò.

Wọ́n ní, "Olúyẹmí? Ohùn ẹ nìyẹn. Kí lò ń ṣe nínú mọ́tò mi?"

Bàbá Olúyẹmí gbójú sókè. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wọ́n, lẹ́yìn náà ayọ̀ dé, kí ayọ̀ sì tó rí àyè jókòó, ìbínú ti lé e jáde. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fìbínú pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

"O ò kú!"

"Ta ló sọ pé mo kú?"

"Ọmọ ẹ ló kọ ọ́! Ó lẹ ẹ́ mọ́ mọ́tò! Gbogbo ohun tí mo sọ yẹn, mo gbà á padà. Ọ̀kan ò ṣẹ́ kù. Ìwọ lo jẹ̀bi."

Wọ́n ti ń lọ, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì, kí Bàbá tó sọ̀rọ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Olúyẹmí, dúró. Mi ò rí ẹ. Apá ibo lo wà?"

Bàbá Olúyẹmí dúró. Wọ́n padà wá díẹ̀, wọ́n dúró síwájú bàbá mi gan-an. Bàbá na ọwọ́ kí wọ́n fi kan èjìká ọ̀rẹ́ wọn, ọwọ́ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò kan nǹkan kan. Bàbá Olúyẹmí wo ọwọ́ yẹn títí. Nígbà tó yá, wọ́n yí padà, wọ́n sì lọ.

Mo bẹ Màmá Akọ̀wé títí kí wọ́n tó ṣí kíṣìnnì. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n ní kí Bàbá kọ́kọ́ jẹ nǹkan lójú àwọn, pé àkúdàáyà kì í jẹ iyọ̀. Bàbá jẹ búrẹ́dì. Màmá Akọ̀wé ní iyọ̀ inú búrẹ́dì kéré jù. Mo dín ẹyin, mo da iyọ̀ sí i bíi ti ẹni tó fẹ́ ba ọbẹ̀ jẹ́, Bàbá sì jẹ ẹ́ tán láì fapá jánú.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Bàbá sọ ìdí tí wọ́n fi tètè dé. Iṣẹ́ abẹ ò gba nǹkan kan là. Dókítà ti sọ fún wọn pé ojú òsì ti lọ, ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ pé iná ti lọ. Wọ́n wá ní kí n ka ohun tí mo kọ fún àwọn.

Mo kà á.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ó dára gan-an. Òkú nìkan la máa ń yìn báyìí. Mú ìwé mìíràn."

Àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́, èmi ń kọ: "Ẹni tó ni mọ́tò yìí wà láàyè. Ojú ló ń dà á láàmú. Píjò aláwọ̀ ewé ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Ẹ́sì rẹ̀ ti kú. Gíláàsì ẹ̀yìn lápá òsì kì í sọ̀ kalẹ̀. Bọ́ńpà iwájú ti gbá ògiri rí, kì í ṣe ẹni tó ni ín ló gbá a." Wọ́n ní kí n kọ iye tí a fẹ́ gbà, àdúgbò wa, àti nọ́ńbà fóònù mi, kí n sì dánu dúró. Mo ní ṣé kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn díẹ̀ kan sí i. Wọ́n ní, "Má dán an wò."

Kò tíì pé ọjọ́ kan tí mo fi sórí Wasáàpù tí Bàbá Olúyẹmí fi dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n yọ ọ̀rọ̀ bọ́ńpà kúrò níbẹ̀ kíákíá. Bàbá ní, "Jókòó, ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀." Wọ́n jókòó. Wọn ò rí ọ̀rọ̀ náà parí lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì parí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n tún wá. Ìjà náà ò tán, wọ́n kàn ń jà á nítòsí ni.

Ẹni tó ra mọ́tò jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń ta òkúta ìkọ́lé ní Mpape. Ó ní ohun tó mú òun wá ni pé òun ò tíì rí ìpolówó mọ́tò tó sọ àbùkù ara rẹ̀ rí. Ó wò ó, gbogbo rẹ̀ sì rí bí a ṣe kọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní, "Ẹ sọ fún mi, sà, kí ni kò fẹ́?" Bàbá sọ fún un bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọyẹ́, ibi tí jíà ti máa ń le, bí èèyàn ṣe ń rọra tẹ̀ ẹ́ tí ó bá fẹ́ gun òkè. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fi ọmọ lé lọ́wọ́.

Mo ní kí Bàbá wọlé kó tó gbé e lọ. Wọ́n ní rárá, pé kò sí ohun tí ojú àwọn máa rí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n jókòó lórí àga níwájú ilé. Mọ́tò náà jáde ní géètì, ó yà sí títì. Bàbá tẹ́tí. "Ó ti wọ jíà kejì," ni wọ́n wí. "Ó yá jù díẹ̀. Ẹ̀kẹta nìyẹn." Èmi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ariwo àdúgbò ti bò ó. Àwọn ṣì ń gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní kí n fa àwọn dìde.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rọrùn. Ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan, kó sọ ohun tó jẹ́, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kó sọ iye rẹ̀, kó panu mọ́. Ẹ̀bùn àròkọ mi, mo ti dá a padà sínú àpótí.

Bàbá lo ọdún díẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n wá lọ ní tòótọ́, mo kọ ìkéde náà láì fi ọ̀rọ̀ dídùn kankan sí i: "Bàbá mi kú láàárọ̀ yìí. Ilé wa ṣì wà ní Gwarinpa." Mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ó pẹ́ gan-an kí fóònù tó dún. Màmá Akọ̀wé ni. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kí lo tún fẹ́ tà lọ́tẹ̀ yìí?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan nínú yàrá yẹn pẹ̀lú òkú bàbá mi, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, títí omi fi bò mí lójú. Nígbà tí mo lè ríran padà, mo fèsì pé, "Kò sí ohun títà, Mà."